Yanrìn Inú Àpò Ṣòkòtò Yín

Bàámi àtàtà,

Ìloro ilé yín ní Ìjòkó ni mo jókòó sí bí mo ṣe ń kọ eléyìí. Ibojì yín wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, mi ò sì tíì kí yín. Láti ìgbà tí mo ti dé ni mo ti gbálẹ̀, mo ti bomi rin òdòdó, mo ti lé adìyẹ ará ilé kejì kúrò lórí yín, ṣùgbọ́n mi ò kí yín. Inú ń bí mi sí yín. Ó yẹ kí n tètè sọ ìyẹn, kí ẹ má baà rò pé ìròyìn ayọ̀ ni mo gbé wá.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí a lọ fún yín, torí ẹ fẹ́ràn ìròyìn ìrìn àjò, ẹ kì í sì í fẹ́ kí ènìyàn fo nǹkan kan. Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé, ọmọkùnrin yín, ló kó wa lọ. Nígbà tí àwọn ọmọ gba ìsinmi Kérésìmesì, ó ní ó tó gẹ́ẹ́, pé ọdọọdún la máa ń jókòó sí Ọ̀tà tí a máa ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀, pé lọ́tẹ̀ yìí a máa lọ gbafẹ́ nílẹ̀ òkèèrè. Mo bú sẹ́rìn-ín. Òkèèrè wo? Ó ní Gran-Pópó, lẹ́yìn Kútọnu, létí òkun gan-an. Mo ní kí ó yọ orúkọ mi kúrò, ṣebí ó mọ̀ pé èmi kì í lọ sí òkun.

“Wàá jókòó sábẹ́ igi àgbọn,” ló wí. “Jẹ́ kí Ìní rí nǹkan.”

Ìní ni ọmọ mi, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá nígbà tí ẹ lọ, tó máa ń fa irùngbọ̀n yín. Ó ti wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ báyìí. Eyín iwájú rẹ̀ ti yọ, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbádùn pẹ̀lú ìbéèrè. Ilé iṣẹ́ ò fún ọkọ mi láyè, nítorí náà àwa mẹ́ta la lọ: èmi, Ìní àti Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé.

Ọ̀nà Ìdí-Ìrókò la gbà, ọ̀nà yín. A kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìyànà Ìyẹsí, níbi tí mo ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì tí mo sì ń di ìwé fún àwọn ọmọ yunifásítì. Ó ṣe mí bákan láti kọjá níbẹ̀ lójúmọmọ kí ìlẹ̀kùn rẹ̀ sì wà ní títì. Ní ibodè, wọ́n da àpò wa rú, wọ́n sì tún ní kí á ṣe wọ́n ní Kérésìmesì. Nígbà tí a dé Àjàṣẹ́, mo ra àkàrà lọ́wọ́ obìnrin kan tí Yorùbá rẹ̀ dùn ju tèmi lọ. Ní Kútọnu, gbogbo ọlọ́kadà ló wọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹ́lò, àwọn tó ń ta epo bẹntiróòlù sì tò ó sínú ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bí ẹni tó ń ta epo pupa. Ìní ń bi mí bóyá wọ́n máa ń mu ún.

A yà sí Ganvié, ìlú tí wọ́n kọ́ sórí omi. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń lọ sí ọjà níbẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ń lọ sí ilé ìwé. Àwọn tó lọ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi o. Èmi dúró sí èbúté, mo di Ìní mú lọ́wọ́, Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé nìkan ló wọ ọkọ̀. Èèwọ̀ ìdílé wa sọ pé òkun, kò sọ pé ọ̀sà, ṣùgbọ́n èmi ti fi ọ̀sà kún un fúnra mi láti kékeré, kí ó má baà ku síbì kan. Ìní sunkún díẹ̀. Mo ra ẹ̀pà fún un.

Gran-Pópó dára, Bàámi. Àwọn ilé àtijọ́ tí àwọn òyìnbó fi sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, igi ti hù nínú òmíràn, ó ti gba ojú fèrèsé jáde. Àwọn obìnrin ń se iyọ̀ nínú ìkòkò lẹ́bàá ọ̀sà, èéfín bo gbogbo wọn. Ní òwúrọ̀, àwọn apẹja á na àwọ̀n sínú òkun, gbogbo abúlé á wá dì mọ́ okùn rẹ̀ láti orí ilẹ̀, wọ́n á máa kọrin, wọ́n á máa fà á. Bí ẹ bá jẹ́ àlejò, wọ́n á fún yín ní àyè lórí okùn náà. Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé lọ sí iwájú, ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbi tí omi ti ń gbá a lórúnkún. Èmi di ìpẹ̀kun okùn mú lókè lọ́hùn-ún, níbi tí yanrìn ti gbẹ. Mo jìnnà sí omi débi pé ewúrẹ́ ló tò tẹ̀lé mi. Nígbà tí ẹja jáde, wọ́n bù fún èmi náà, ojú sì tì mí láti gbà á.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń kí mi láàárọ̀? Kí ẹ tó wọ aṣọ iṣẹ́ yín aláwọ̀ búlúù, màá wá kúnlẹ̀, ẹ ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ẹ ó ní: Àṣàkẹ́, ọmọ alágbàlá ire, ọmọ a-jí-ṣiṣẹ́-má-ráhùn, ọmọ a-kì-í-wọ-òkun. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, ẹ máa ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fún mi, pé bàbá bàbá yín bá òkun ṣe àdéhùn, pé ẹni tó bá fẹsẹ̀ wọ̀ ọ́ nínú wa, kò ní dá a padà. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ díákónì. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ Jésù ti wẹ gbogbo èèwọ̀ kúrò lára wa, tí ẹ ń jẹ òkété ní ìṣojú ẹ̀gbọ́n yín tí ó ń dijú. Èèwọ̀ kan ṣoṣo yẹn lẹ fi sílẹ̀ nínú ilé. Ó yẹ kí n ti fura nígbà náà.

Mi ò fura, torí mo fẹ́ràn rẹ̀. Òótọ́ ni mo ń sọ. Màámi àti Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé ní tiwọn, ṣùgbọ́n èmi àti ẹ̀yin la jẹ́ ọmọ a-kì-í-wọ-òkun. Bí wọ́n bá fi òkun hàn lórí tẹlifíṣàn, ẹ ó ṣẹ́jú sí mi, ẹ ó ní, “Àṣàkẹ́, kì í ṣe tiwa.” Nígbà tí kíláàsì mi lọ sí Bàdágírì tí èmi nìkan kù sẹ́yìn, ẹ tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ẹ ra súyà, a jọ jókòó sórí àga gígùn lẹ́yìnkùlé jẹ ẹ́. Mo rò pé ẹ̀yin náà ń kù sẹ́yìn pẹ̀lú mi ni. Nígbà tí ọkọ mi ríṣẹ́ sí etí òkun ní Lẹ́kí, iṣẹ́ tó dára, mo ní mi ò lè gbé níbi tí màá ti máa gbọ́ ohùn rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nítorí mi. Ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin ní Sáńgò ló wà títí di òní, ikọ́ ò sì fi í lọ́rùn sílẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì tí a dé ni nǹkan yí padà. Ibì kan wà létí òkun níbẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣọ́ ẹyin ìjàpá òkun, kí ajá má baà hú u jẹ. Bó bá ti pa, wọ́n á pe àwọn ọmọdé wá ní ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n bá wọn tú àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá kan ló ń pín wọn, ó gbọ́ Yorùbá bí àwọn ará Àjàṣẹ́ ṣe ń sọ ọ́.

“Ẹ má jù ú o,” ló ń sọ fún wọn. “Ẹ gbé e dé ibi tí yanrìn ti tutù, kí òun fúnra rẹ̀ rìn wọlé.”

Ìní fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbé tirẹ̀. Kò tóbi ju ìdérí ìgò lọ, ó ń fi apá gbá a lọ́wọ́. Ìní rìn, ó rìn, nígbà tó dé ibi tí yanrìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, ó dúró. Ó bojú wẹ̀yìn.

“Mọ́mì, ṣé ibí yìí ti di òkun?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni. Padà wá.”

Kò sunkún. Ó na ìjàpá rẹ̀ sí ọmọ kan tí wọn ò jọ gbọ́ èdè ara wọn, ọmọ yẹn sì bá a gbé e lọ. Bàbá yẹn bi í pé kí ló dé. Ìní fi ọwọ́ nu ara aṣọ rẹ̀, ó gbé orí sókè, ó ní, “Ọmọ a-kì-í-wọ-òkun ni mí, sà.” Ohùn yín ló fi sọ ọ́, Bàámi, jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀, bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún un ní gbogbo òwúrọ̀. Inú mi dùn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé inú mi dùn. Ìgbà tí mo yíjú ni mo rí Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé tó ń wò wá, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Kò jẹ oúnjẹ ìrọ̀lẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó ní kí á tẹ̀ lé òun. Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀, òkun wà lápá kan rẹ̀, odò tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ wà lápá kejì. Apá odò ló mú wa lọ. Àwọn ènìyàn ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, àwọn obìnrin ń fọ aṣọ. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá mi, kí lẹ fẹ́ ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ níyàwó nílé o.”

Ó wọ inú omi. Mo pe Jésù títí ohùn mi fi há. Ó lúwẹ̀ẹ́ dé àárín, ó yípo, ó ń bọ̀ sọ́dọ̀ wa, ó ń yí ojú sí ọ̀tún, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ jáde lẹ́nu: fúù, fúù.

Mo mọ ohùn yẹn. Bí ẹ bá ń bọ́jú nídìí ẹ̀rọ omi láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń ṣe. Ẹ ó ki ojú bọ inú báàfù, ẹ ó yí i sí ọ̀tún, fúù, fúù. Màámi máa ń rojọ́ pé ẹ ń ta omi sí ara ògiri. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, nínú gbogbo ohun tí mo ní tó jẹ́ tiyín, ohùn yẹn ni mo tọ́jú jù. Mo rò pé bí ẹ ṣe máa ń bọ́jú lásán ni.

Ó jáde, ó jókòó sórí yanrìn, omi ń kán lára rẹ̀.

“Ta ló kọ́ yín?”

“Bàámi ni.”

“Bàámi wo?”

“Mélòó la ní? Bàámi wa náà ni. Ibí yìí ni wọ́n ti kọ́ mi. Tá a bá ti já ẹrù tán ní Kútọnu, wọ́n á ní kí dírẹ́bà gbé wa wá síbí ká tó padà. Odò yìí ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn fúnra wọn, inú òkun gan-an ni wọ́n máa ń lọ.”

Ẹrù náà ni bùútà, ọpọ́n àti garawa tí ilé iṣẹ́ yín ń ṣe ní Sáńgò. Ẹ̀yin lẹ máa ń bá ọkọ̀ lọ, bí ilé ìwé bá sì ti gba ìsinmi, ẹ ó mú Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé lọ kó wá ràn yín lọ́wọ́. Èmi á wà nílé pẹ̀lú Màámi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Màá gbé e sórí ike ìgbọ̀nsẹ̀, màá wẹ̀ ẹ́, màá se ọbẹ̀. Bí ẹ bá padà dé, èmi ni màá fọ aṣọ yín. Ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì yín á le gbagidi, yanrìn funfun á wà nínú àpò ṣòkòtò yín. Mo bi yín nígbà kan, ẹ ní yanrìn ibi tí wọ́n ti ń já ẹrù ni. Mo máa ń yọ àpò náà síta lẹ́bàá kànga, kànga yìí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, màá gbọn yanrìn náà dànù, àánú yín á sì máa ṣe mí pé iṣẹ́ yín le.

“Èèwọ̀ wa ńkọ́?” Mo mọ ìdáhùn rẹ̀, síbẹ̀ mo bèèrè.

“Kò sí èèwọ̀ kankan, Àṣàkẹ́. Kò sí nínú oríkì tèmi, àbí o ò ṣàkíyèsí?”

Mo ṣàkíyèsí. Mo rò pé ẹ kàn ń kánjú ni tó bá kan ọkùnrin.

Ó ń fi ìka kọ nǹkan sórí yanrìn, ó ń pa á rẹ́. Ó ní, “Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú Màámi. Wọ́n ní tó o bá fi mọ bí ibí yìí ṣe rí, wàá máa sunkún pé o fẹ́ bá wa lọ, àwọn ò sì ní lè wo ojú ẹ kí wọ́n ní rárá. Wọ́n ní kí n fi Bíbélì búra. Ìgbà tí wọ́n kú, mo rò pé ó ti pẹ́ jù. Àfi bí mo ṣe rí ọmọ yìí lánàá.”

Mi ò bínú sí i. Ọmọdé lòun náà nígbà tí ẹ gbé Bíbélì fún un. Ẹ̀yin ni mo bínú sí.

Ẹ ò lè wo ojú mi kí ẹ ní rárá. Nítorí náà ẹ lọ jí òkú bàbá bàbá yín dìde, ẹ fi ẹnu rẹ̀ sọ rárá fún mi, ẹ sì fi ọwọ́ lé mi lórí bí ẹ ṣe ń sọ ọ́. Kí ló dé tí ẹ kò bẹ̀ mí? Bí ẹ bá pè mí pé Àṣàkẹ́, ìyá rẹ ò lè dá wà, jọ̀ọ́ bá mi dúró tì í, ǹ bá dúró. Ǹ bá sunkún ní ọjọ́ kìíní, bóyá ní ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n ǹ bá dúró. Ìyá mi ni. Ṣé ẹ ò mọ irú ọmọ tí ẹ bí ni? Àbí ó rọrùn fún yín kí n máa bẹ̀rù ju kí n máa fẹ́? Súyà ọjọ́ Bàdágírì yẹn, nígbà tí ẹ ń jẹ ẹ́, ṣé ó dùn lẹ́nu yín? Màámi mọ̀ nípa rẹ̀? Ìbéèrè yìí ló ń jẹ mí lọ́kàn jù, Màámi náà sì ti lọ, kò sí ẹni tí mo lè bi.

Mo wọ inú omi náà, ẹ fẹ́ mọ̀? Kì í ṣe ti odò. Mo kọjá sí apá òkun, mo ká yẹ̀rì mi sókè, mo rìn títí ó fi dé orúnkún mi. Mo dúró, mo ń retí. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nǹkan kan ò ṣe mí. Mo rò pé bí nǹkan kan bá ṣe mí ni, ì bá dùn mọ́ mi nínú díẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé gbé Ìní wọ inú odò. Ó fi ọwọ́ gbé e ní ikùn, ó ń kọ́ ọ bó ṣe máa yí ojú sí ọ̀tún. Àwọn méjèèjì ń ṣe fúù, fúù. Mo jókòó sórí yanrìn, mo mú aṣọ wọn dání. Nígbà tó jáde, tí mo ń nu orí rẹ̀, ó bi mí.

“Mọ́mì, ṣé Bàbá Àgbà parọ́ ni?”

Fọ́tò yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Bó bá ṣe dáadáa nílé ìwé, ẹ̀yin ló máa ń kọ́kọ́ ròyìn fún. Mo ní, “Rárá o. Èèwọ̀ yẹn ní ìgbà tó máa parí. Ó ti parí.” Ó gbà á. Ó sáré padà sínú omi.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń parọ́ fún ọmọ nìyẹn, Bàámi. Nítorí yín ni. Mi ò fẹ́ ṣe irú ẹ̀ mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo lọ bá bàbá oníjàpá, mo bi í bóyá ó ṣì ku ẹyọ kan. Ó ní gbogbo wọn ti lọ, ó di ìgbà tí ẹyin mìíràn bá pa. A ò ní sí níbẹ̀ nígbà náà.

Lánàá mo fọ aṣọ tí a fi rìnrìn àjò. Mo ki ọwọ́ bọ àpò síkẹ́ẹ̀tì Ìní, mo bá yanrìn funfun níbẹ̀. Ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n kí ojú mi tó rí i. Mo dì í sínú ọ̀rá, òun ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí, òun sì ni mo gbé wá fún yín.

Láàárọ̀ yìí, kí n tó jáde, Ìní wá kúnlẹ̀ kí mi. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí. Mo fi oríkì rẹ̀ pè é: Àníkẹ́, ọmọ alágbàlá ire, ọmọ a-jí-ṣiṣẹ́-má-ráhùn. Mo dúró níbẹ̀. Kò dìde. Ó ń retí, orí rẹ̀ wà lábẹ́ ọwọ́ mi.

“Mọ́mì, ó kù.”

“Kò kù,” ni mo wí. “Ó ti tán.”

Màá da yanrìn yìí sí ẹsẹ̀ yín kí n tó tilẹ̀kùn. Bóyá màá kí yín bí mo bá ń jáde, bóyá ó di ọjọ́ mìíràn. Mo ṣì fẹ́ràn yín, ìyẹn ni kò jẹ́ kí n lè sùn.

Èmi ni, Àṣàkẹ́ yín,
ọmọ tí ì bá dúró.